Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Ka Ohun Tí Ojú Kò Rí

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka Tudun Wada, Minna

Alága wa ni ó ní kí àwa Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn kan tí ó ń fa àríyànjiyàn nílé àwọn kan nínú wa. Ọ̀ràn náà nìyí: nígbà tí ọmọ bá ti gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì, tí ó tún ti gba èkejì, kí ni ó tún kù tí ó ń wá, tí yóò fi ní òun fẹ́ lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i lórí ìwádìí kókó átọ́ọ̀mù kí òun tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, èyí tí wọ́n ń pè ní Ph.D.? Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Kí ni èrè rẹ̀ fún ilé àti fún ẹgbẹ́?

Ìdí wà tí a fi ní kí ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ìpàdé. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ka wa ń fún àwọn ọmọ, orí oyè àkọ́kọ́ ni ó ti ń dúró. Ẹni tí ó bá kọjá ibẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó wà. Kí ìpàdé yìí tó tú, a ó bẹ̀ yín kí ẹ dìbò lórí bóyá ó yẹ kí ó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò dára kí ènìyàn dìbò lórí ohun tí kò yé e. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Ohun gbogbo tí ọwọ́ wa lè kàn, ilẹ̀, omi, irin, gàrí, àti ẹran ara wa pàápàá, átọ́ọ̀mù ni ó kóra jọ di í. Ẹ wo ẹyìn tí a ń fi se epo: ara rẹ̀ wà lóde, ẹ̀kùrọ́ wà nínú. Bẹ́ẹ̀ ni átọ́ọ̀mù náà ní kókó nínú, ṣùgbọ́n kókó tirẹ̀ kéré jọjọ. Bí a bá lè fẹ átọ́ọ̀mù kan títí yóò fi tó pápá ìṣeré Bako Kontagora níhìn-ín ní Minna, kókó rẹ̀ kò ní ju hóró ẹ̀wà kan lọ láàárín pápá. Síbẹ̀, inú hóró ẹ̀wà yẹn ni ìwúwo átọ́ọ̀mù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán. Ìmọ̀ kókó yìí ni wọ́n ń pè ní físíìsì núkílíà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbà ṣe é. Àwọn kan ń fi ìṣirò ṣe é: wọ́n ń ro ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀. Àwọn kejì ń fi ẹ̀rọ wò ó: wọ́n ń kà á, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Àwọn kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa kàn lónìí. Oníṣirò lè jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Tudun Wada kí ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ já. Ẹni tí ń fi ẹ̀rọ ṣe é gbọ́dọ̀ lọ bá ẹ̀rọ níbi tí ó wà, kí ó tò sẹ́yìn àwọn tí ó ti débẹ̀ ṣáájú, kí ó sì dúró títí yóò fi kàn án.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti jẹ́ iṣẹ́ sùúrù. Ní 1909, ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hans Geiger àti Ernest Marsden jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń fi ojú ka ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí ń tàn tí ń kú. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Marsden nígbà náà, kò tí ì gba oyè rẹ̀. Wọ́n ń ju hóró tí ń jáde láti ara rédíọ̀mù lu irin, wọ́n sì rí i pé nínú nǹkan bí 8,000 hóró, ọ̀kan péré ni ó ń ta padà. Láti ara ọ̀kan yẹn ni ọ̀gá wọn, Ernest Rutherford, ti fi yé ayé ní 1911 pé átọ́ọ̀mù ní kókó. Bí àwọn ọmọkùnrin méjì yẹn bá ti ka 100 tí wọ́n sì dìde lọ jẹun, wọn ì bá tí rí nǹkan kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni. Ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ni Marie Curie ń ṣe nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ rí rédíọ̀mù ní 1898. Inú ahéré tí òjò ń jò ni ó ti ń po òkúta lórí iná. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkúta ni ó sè, tí ó jó, tí ó sẹ́, kí ó tó rí ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù kan ní 1902. Ní 1903 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, ní ọdún náà gan-an ni wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ìyá ọlọ́mọ ni ní gbogbo àkókò yìí.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni iṣẹ́ yìí wà. Ilé ìwádìí méjì wà ní orílẹ̀-èdè wa tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Ọ̀kan wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, èkejì ní Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Zaria, ríákítọ̀ kékeré kan wà tí àwọn ará Ṣáínà ṣe, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. NIRR-1 ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 30 kílówáàtì, èyíinì ni pé ooru rẹ̀ dàbí ti áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ 30 tí a ki bọ iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í fún ìlú ní iná mànàmáná. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa tú àwọn hóró tí wọ́n ń pè ní nẹ́útírọ́ọ̀nù jáde fún àwọn olùwádìí. Ní Ifẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn wà láti 2008 tí ń fi agbára mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 fóòtì ti hóró kéékèèké sáré, kí wọ́n lè lọ lu ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Èyí fi hàn pé ọmọ tí ó bá gba oyè físíìsì ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Minna, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983, lè ṣe ìwádìí yìí láìfi ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀.

Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ wa kan fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò Chanchaga. Yóò bu erùpẹ̀, yóò sá a, yóò lọ̀ ọ́ kúnná, yóò wọn ìwọ̀nba tí kò tó ẹ̀kún ṣíbí, yóò sì dì í sínú ike kékeré. Ní Zaria, wọn yóò fi afẹ́fẹ́ gbé ike náà gba inú ọ̀pá wọ ríákítọ̀. Níbẹ̀ ni nẹ́útírọ́ọ̀nù yóò ti wọ inú kókó àwọn átọ́ọ̀mù erùpẹ̀ náà. Kókó tí ó bá gba àlejò yìí kì í lè gbé jẹ́ẹ́. Yóò ta ìtànṣán jáde, irú kókó kọ̀ọ̀kan sì ní ìtànṣán tirẹ̀, bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ní oríkì tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ka ìtànṣán yóò gbọ́ oríkì náà, yóò sì wí pé: wúrà nìyí, èyí sì jẹ́ irin.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń dúró de ni. Alumíníọ̀mù tí ó bá gba nẹ́útírọ́ọ̀nù, kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ó ti ju ìdajì rẹ̀ lọ tí yóò ti tán. Olùwádìí gbọ́dọ̀ sáré gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ti sódíọ̀mù, èyí tí ó wà nínú iyọ̀, ń gba wákàtí 15 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ti wúrà ń gba nǹkan bí ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ti irin ń gba nǹkan bí ọjọ́ 45. Nítorí náà, erùpẹ̀ kan náà ni yóò kà lónìí, tí yóò tún kà lọ́la, tí yóò tún padà wá kà lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú pé ọmọ kò wálé ọdún, ó lè jẹ́ pé irin ni ó ń dúró dè.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé, nítorí òun gan-an ni ìdí tí iṣẹ́ yìí fi ń pẹ́. Kókó átọ́ọ̀mù kì í ta ìtànṣán rẹ̀ ní àkókò tí a lè dá fún un. Ó dàbí oníbàárà ní ọjà Kure: a mọ̀ pé wọn yóò wá, a kò mọ ìṣẹ́jú tí ẹni kọ̀ọ̀kan yóò dé. Oníṣòwò tí ó bá ka oníbàárà ọjọ́ kan kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ èrè ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni olùwádìí. Bí ó bá ka ìtànṣán 100, iyèméjì tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ó bá ka 10,000, iyèméjì rẹ̀ jẹ́ 100, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kíyè sí i: kí iyèméjì tó dín kù ní ìlọ́po 10, kíkà gbọ́dọ̀ pọ̀ ní ìlọ́po 100. Iṣẹ́ wákàtí kan di iṣẹ́ wákàtí 100, ó sì ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, tọ̀sán-tòru. Ẹ̀rọ tí ń kà á sì gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tí a fi náítrójìn olómi ṣe, òtútù tí ó tó ìwọ̀n 196 nísàlẹ̀ òdo. Bí náítrójìn bá tán, tàbí bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì ní epo, a tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tí ó bá sọ fún yín pé ìdajì ọdún ti lọ láìrí nǹkan kan kọ sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a fi ń pa àmúkùrù ara ẹsẹ̀.

Ẹ lè bi wá pé: lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ni àǹfààní rẹ̀? A kò ní lọ jìnnà láti fi dáhùn. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọmọdé ni ó kú nítorí òjé tí ó jáde láti inú òkúta tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ láti wá wúrà. Ní 2015, irú ikú náà dé ìpínlẹ̀ Niger tiwa níhìn-ín, ní Shikira ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi, ó sì pa ọmọ 28. Òjé kò ní òórùn, kò ní adùn tàbí ìkorò tí a fi lè mọ̀ pé ó wà nínú oúnjẹ ọmọ. Ẹni tí ó lè wọn ohun tí ojú kò rí nìkan ni ó lè sọ pé ilẹ̀ yìí mọ́, ilẹ̀ yìí kò mọ́. Ibẹ̀ sì ni ìmọ̀ jíjinlẹ̀ ti wúlò, nítorí òjé jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ọ̀nà ríákítọ̀ kì í fi hàn dáadáa. Irú ẹ̀rọ tí ó wà ní Ifẹ̀ a máa fi í hàn. Ẹni tí kò kọ́ ọ dójú àmì lè gbé erùpẹ̀ lọ sí Zaria, kí ó má rí òjé, kí ó sì sọ fún ìyá ọmọ pé kò séwu. Mímọ ohun tí ẹ̀rọ lè rí àti ohun tí kò lè rí, èyí ni oyè ọ̀mọ̀wé fi yàtọ̀ sí mímọ bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀.

Àǹfààní mìíràn tún wà. Ilé ìwòsàn tí ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí onímọ̀ físíìsì tí yóò ṣírò iye tí ara aláìsàn yóò gbà. Àwọn tí ń wa epo ń lo ìtànṣán láti mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ kànga. Ìjọba àpapọ̀ náà ní àjọ tí ń ṣọ́ gbogbo ohun tí ń ta ìtànṣán ní ilẹ̀ yìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ onímọ̀ yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Shamsideen Elegba, sì ni olùdarí àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìbẹ̀rù méjì kan wà tí àwọn òbí máa ń sọ fún wa. Èkíní ni pé ìtànṣán yóò pa ọmọ wọn lára. Kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré. Ìtànṣán tí Marie Curie gbé sára fún ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú ohun tí wọ́n gbà pé ó fa àìsàn tí ó pa á ní 1934, nítorí nígbà tirẹ̀, kò sí òfin. Lónìí, òfin wà. Olùwádìí a máa so àmì kékeré mọ́ àyà tí ń ka iye tí ara rẹ̀ gbà. Ìwọ̀n tí a fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ jẹ́ 20 mílísífáàtì lọ́dún kan, bí a bá pín ọdún márùn-ún dọ́gba. Àwa tí a kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rí ń gba nǹkan bí 2.4 lọ́dún láti ara ilẹ̀, òkúta àti ojú ọ̀run, bí a bá pín ti gbogbo ayé dọ́gba. Ọmọ tí ó bá pa òfin mọ́ kì í sábà súnmọ́ ìwọ̀n yẹn. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ń so àmì rẹ̀.

Ìbẹ̀rù kejì ni ti bọ́ǹbù. Ríákítọ̀ Zaria kì í ṣe ilé bọ́ǹbù. Ní 2018, wọ́n kó yùréníọ̀mù líle tí ó fi bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí kílò kan, padà sí Ṣáínà, wọ́n sì fi èyí tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, èyí tí a kò lè fi ṣe bọ́ǹbù. Iṣẹ́ ìwádìí sì ń bá a lọ.

Ẹ̀yin ará, níbi tí a dé yìí ni ọ̀ràn ti kan àwa àlejò gan-an. Ọmọ tí a bí ní Tudun Wada, tí ó ka ìwé ní Minna, tí ó ń sọ Háúsá àti Nupe bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bí ó bá wá ìrànwọ́ ìjọba níhìn-ín, wọn yóò ní kí ó mú ìwé ìlú bàbá rẹ̀ wá. Bí ó bá dé ìlú bàbá rẹ̀, wọn yóò wò ó lójú, wọn yóò bi í pé ọmọ ta ni. Àárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ọmọ dáradára ti ń sọnù. Àwọn bàbá wa tí ó bá ọkọ̀ ojú irin wá sí Minna mọ èyí. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí àlejò lè ní ẹni tí yóò pè ní tirẹ̀. Fún ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ni ìjọba rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ dáwọ́ lé e, a ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin náà. Ẹ má ṣe mú àkọlé ìwádìí kí ẹ tó kọ̀wé béèrè bóyá ẹ̀rọ tí yóò ṣe é ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá olùtọ́nisọ́nà tí ó ti tọ́ ẹlòmíràn dé ìparí. Ẹ kọ́ ìṣirò iyèméjì àti kọ̀ǹpútà dáadáa. Ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì pa èyí tí kò bá yín lára mu rẹ́. Ẹ wádìí ètò ilé ìmọ̀ físíìsì ní Trieste ní Ítálì, tí Abdus Salam ará Pakistan dá sílẹ̀ ní 1964. Ètò kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú Àjọ Átọ́ọ̀mù Àgbáyé, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè lọ lo ẹ̀rọ òkèèrè fún oṣù díẹ̀ kí ó sì padà wá gba oyè rẹ̀ nílé. Fún ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ṣì wà ní oyè kejì, àjọ náà dá ìrànwọ́ kan sílẹ̀ ní 2020 tí ó ń jẹ́ orúkọ Marie Curie.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a gbé síwájú ìpàdé. Èkíní, kí owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ má dúró lórí oyè àkọ́kọ́ mọ́, kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò àwọn tí ń ṣe ìwádìí. Èkejì, kí akọ̀wé wa kọ̀wé sí àwọn ará wa ní Sabon Gari ní Zaria àti ní Ilé-Ifẹ̀, kí wọ́n máa fún ọmọ wa ní ibi tí yóò sùn nígbà tí ẹ̀rọ bá kàn án, nítorí ojú ọ̀nà Kàdúná kò gba lílọ-bíbọ̀ lójoojúmọ́ mọ́. Ẹ̀kẹta kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: bí a bá rí wọn, kí a dẹ́kun bíbi wọ́n pé, "Ìgbà wo ni ìwọ yóò ṣe tán?" Kí a bi wọ́n pé, "Kí ni ò ń kà báyìí, mélòó ni o sì ti kà?" Ẹni tí a bá bi ní ìbéèrè yìí yóò mọ̀ pé a ń bá òun kà á.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwọn tí ó ṣáájú wa fi sísì àti tọ́rọ́ kọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn dókítà tí a fi ń yangàn lónìí. Kí Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀, kí ó pa àwọn ọmọ wa mọ́ lójú ọ̀nà àti lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì jẹ́ kí a jọ wà láyé jẹ àǹfààní wọn. Àpótí ìdìbò wà lọ́wọ́ akápò.